Táírọ́ìdì: ilẹ̀kùn ni àbí asà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Ọ̀jọ̀gbọ́n. Láìpẹ́ yìí ni dókítà yẹ ọrùn mi wò, ó ní gílándì táírọ́ìdì mi wú díẹ̀, àmọ́ kò tíì sí ohun tó ń bani lẹ́rù níbẹ̀. Mo padà délé, mo ní kí n wá ìtumọ̀ orúkọ yẹn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹnì kan ní "ilẹ̀kùn" ni lédè Gíríìkì. Ẹlòmíràn ní rárá o, "asà" ni. Ọ̀rọ̀ wá dàrú mọ́ mi lójú. Bó bá jẹ́ asà ni, kí ló ń dáàbò bò nínú ọrùn mi? Bó bá sì jẹ́ ilẹ̀kùn ni, ilẹ̀kùn ibo? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ là mí lóye.

Ìdáhùn: Àwọn méjèèjì tí ẹ ka ọ̀rọ̀ wọn ló rí nǹkan sọ, ṣùgbọ́n ẹni tó ní asà ni ló jàre. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá ta kókó ni pé asà ọ̀hún kì í ṣe ti gílándì yín. Aládùúgbò rẹ̀ ló ni ín. Ṣe ni gílándì yá orúkọ náà lò lọ́dún 1656, kò sì dá a padà mọ́. Nítorí náà, ìbéèrè yín pé kí ni asà yìí ń dáàbò bò, ìbéèrè tó dára ni, àmọ́ gílándì kọ́ ló yẹ ká bi.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ilẹ̀kùn, torí pé òun náà kì í ṣe irọ́. Ilẹ̀kùn tàbí ẹnu ọ̀nà ni àwọn Gíríìkì àtijọ́ ń pè ní thyra. Ara thyra ni wọ́n ti yọ ọ̀rọ̀ mìíràn, thyreos. Ohun tí thyreos kọ́kọ́ jẹ́ ni òkúta tí wọ́n ń gbé dí ẹnu ọ̀nà. Nínú ìtàn Odyssey tí wọ́n kà sí ti Homer, òmìrán olójú kan ń gbé inú ihò. Bó bá ti kó ẹran rẹ̀ wọlé tán, á gbé òkúta kan tó ju agbára ọmọ aráyé lọ, á fi dí ẹnu ihò náà pa. Thyreos ni ìtàn náà pe òkúta yẹn. Ẹ rí i pé a ò tíì dé ojú ogun rárá. Ọ̀rọ̀ ilé àti ààbò ilé la ṣì wà.

Nígbà tó yá ni irú asà kan dé tí kò jọ èyí tí àwọn Gíríìkì ń lò tẹ́lẹ̀. Èyí tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ rí roboto, aspis ni wọ́n ń pè é, kò sì sí ẹni tó máa wo aspis tí yóò rántí ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n tuntun yìí gùn gbọọrọ, ó bo jagunjagun láti èjìká dé orúnkún, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ní igi tó yọ jáde láàárín láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá gbé e dúró níwájú ara rẹ̀, àfi bí ẹni tó yọ ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ lọ sógun. Ni wọ́n bá fún un ní orúkọ òkúta ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí òpìtàn Polybius sì ń kọ̀wé nípa àwọn ọmọ ogun Róòmù, thyreos ni òun náà pe asà ńlá tí wọ́n ń gbé.

Bí ẹ bá jẹ́ ẹni tó ń ka Bíbélì, ẹ ti bá ọ̀rọ̀ yìí pàdé láìmọ̀. Nínú lẹ́tà sí àwọn ará Éfésù, orí 6, ẹsẹ 16, níbi tí wọ́n ti ní kí onígbàgbọ́ gbé asà ìgbàgbọ́ (apata ni àwọn mìíràn ń pè é), thyreos ló wà nínú Gíríìkì rẹ̀. Ó bá ọ̀rọ̀ ibẹ̀ mu gan-an, torí ọfà iná ni wọ́n ní kí asà náà pa. Ẹni tí ọfà ń rọ̀ lé lórí nílò ohun tó lè sá sẹ́yìn rẹ̀ pátápátá, kì í ṣe asà pẹlẹbẹ kékeré tí ènìyàn fi ń gba idà.

Ìdajì kejì orúkọ náà kò le rárá. -Eides ni, ó túmọ̀ sí "tó jọ", "tó rí bí". Ẹ pa méjèèjì pọ̀, ẹ ó rí thyreoeides: ohun tó rí bí asà gígùn. Àwọn tó ń sọ ẹ̀yà ara lórúkọ fẹ́ràn ìrù ọ̀rọ̀ yìí púpọ̀. Ẹran èjìká tó rí bí lẹ́tà delta àwọn Gíríìkì, deltoid ni. Egungun kékeré tó wà lábẹ́ àgbọ̀n, tó rí bí lẹ́tà upsilon wọn, hyoid ni. Egungun tó yọ gọngọ lẹ́yìn etí, wọ́n ní ó jọ ọmú, wọ́n bá pè é ní mastoid. Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ pé ẹni tó bá ti mọ ìrù yìí ti tú ìdá kan nínú ìwé ẹ̀yà ara láìtíì ṣí i. Ìtumọ̀ táírọ́ìdì nìyẹn, "bí-asà". Ẹni tó sọ pé ilẹ̀kùn ni kàn fo àtẹ̀gùn kan ni: ó ti ara gílándì bọ́ sí ìdílé ọ̀rọ̀ náà, kò yà ní ojú ogun.

Ṣùgbọ́n kí ló rí bí asà? Ẹ ti mọ ọ́n tipẹ́. Gògóńgò ni.

Gògóńgò kì í ṣe egungun líle. Egungun rírọ̀ ni, irú èyí tó wà ní etí àti ní ṣóńṣó imú, ó sì ju ẹyọ kan lọ. Èyí tó tóbi jù nínú wọn ló wà níwájú. Pátákó pẹlẹbẹ méjì ni, tí wọ́n so pọ̀ níwájú bí ẹ̀yìn ìwé tí ènìyàn ṣí díẹ̀, tí ẹ̀yìn wọn sì ṣí sílẹ̀. Lókè ibi tí wọ́n ti pàdé, àlàfo kékeré kan wà tó rí bí lẹ́tà V. Lára ọkùnrin, pátákó méjèèjì fẹnu kora ní nǹkan bí ìwọ̀n ìgun 90. Ti obìnrin fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó tó nǹkan bí 120. Ìdí tí gògóńgò ọkùnrin fi ń yọ sóde nìyẹn, tí ti obìnrin kì í fi í hàn tó bẹ́ẹ̀. Inú ibẹ̀ ni tán-án-ná so mọ́, àwọn iṣan méjì tó ń gbọ̀n tí a bá ń sọ̀rọ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí asà ń dáàbò bò, ohùn yín ni, òun àti ẹnu ọ̀nà èémí. Síbẹ̀, kì í ṣe torí iṣẹ́ ààbò yìí ni wọ́n fi pè é ní asà. Ìrísí rẹ̀ ni wọ́n wò.

Galen, oníṣègùn ará Pergamon tó ṣiṣẹ́ ní Róòmù ní ọ̀rúndún kejì, ti lo orúkọ yìí fún egungun rírọ̀ náà, ó sì ṣàpèjúwe rẹ̀ dáadáa. Kì í ṣe òkú ènìyàn ló ń là. Ara ọ̀bọ, ẹlẹ́dẹ̀ àti màlúù ló ti kọ́ ọ̀pọ̀ ohun tó kọ sílẹ̀, ó sì ṣe é débi tí ọ̀pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ fi jẹ́ òfin fún nǹkan bí 1,300 ọdún. Àwọn egungun rírọ̀ tó kù nínú gògóńgò náà rí orúkọ ìrísí gbà bákan náà: ọ̀kan dà bí òrùka, wọ́n pè é ní cricoid, méjì dà bí ohun ìbumi, wọ́n pè wọ́n ní arytenoid. Gbogbo ilé ti lórúkọ tán, àfi gílándì tó jókòó sábẹ́ wọn.

Kí nìdí? Èrò tèmi ni pé ara tó bá dá kì í jẹ́ kí wọ́n rí i. Gílándì táírọ́ìdì àgbàlagbà kò ju gíráàmù 15 sí 25 lọ. Ó rọ̀, ó pọ́n, ó lẹ̀ mọ́ iwájú ọ̀nà èémí bí labalábá tó na ìyẹ́ méjèèjì. Bí ara bá dá, ojú kì í rí i, ọwọ́ tí kò bá mọ iṣẹ́ kì í sì í tètè bá a. Ìgbà tó bá wú ló ń di ohun tí gbogbo ayé ń wò. Nítorí bẹ́ẹ̀, àìsàn rẹ̀ ti lórúkọ káàkiri ayé kí òun fúnra rẹ̀ tó ní. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé mú goitre wọn látinú guttur, èyí tó jẹ́ ọ̀fun lédè Látìnì. Àwa náà ní gẹ̀gẹ̀. A tilẹ̀ pa á lówe pé onígẹ̀gẹ̀ ìṣáájú ló ba tìkẹyìn jẹ́. Ẹ ò rí i bó ṣe rí? Èdè wa mọ gẹ̀gẹ̀, ó mọ onígẹ̀gẹ̀, kò sì bìkítà láti sọ ohun tó wà nínú ọrùn ẹni tí kò ní gẹ̀gẹ̀ lórúkọ. Mi ò rí i bí àbùkù. Àwọn tó kọ ìwé ìṣègùn tó lókìkí jù láyé náà kò ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ títí di ọ̀rúndún kẹtàdínlógún.

Ẹni tó yanjú ọ̀rọ̀ náà ni Thomas Wharton, dókítà ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn ńlá bo ìlú náà lọ́dún 1665, tí ọ̀pọ̀ dókítà fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, kò kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé tó kọ ṣáájú ìgbà yẹn ló kàn wá. Adenographia lorúkọ rẹ̀, ó jáde lọ́dún 1656, gílándì nìkan ló sì dá lé: gbogbo èyí tó rí nínú ara, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Aden ni gílándì lédè Gíríìkì. Ọ̀rọ̀ gílándì fúnra rẹ̀, látinú glandula tàwọn Látìnì ló ti wá, èyí tó jẹ́ ìnagijẹ fún èso igi óákù kékeré. Ẹni tó kọ́kọ́ fọwọ́ ba kókó roboto lábẹ́ awọ ọrùn ẹnì kan ló rántí èso igi. Ẹ rí i pé iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe: wọ́n fọwọ́ kàn án, wọ́n wo ohun tó jọ, wọ́n sì sọ ọ́ lórúkọ.

Wharton dé orí gílándì ọrùn yìí, ó sì nílò orúkọ. Ó lè fi ìrísí rẹ̀ sọ ọ́ bí àwọn aṣáájú rẹ̀ ti ń ṣe. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó wo ẹni tí gílándì náà ń bá gbé, ó rí egungun rírọ̀ bí-asà lókè rẹ̀, ó bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé glandula thyroidea: gílándì ti ẹ̀gbẹ́ bí-asà. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n bá ń fi orúkọ baálé ilé pe àtìpó tó gbà sílé. Ọmọ kan á dàgbà tán, á rò pé orúkọ àtìpó gan-an nìyẹn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Lónìí, ẹni mẹ́wàá tó bá gbọ́ táírọ́ìdì, ó dá mi lójú pé gílándì ni mẹ́sàn-án nínú wọn máa rò, kì í ṣe gògóńgò tó ni orúkọ.

Mo kàn ṣe àfiwé àtìpó yìí fún ẹ̀fẹ̀ nígbà kan ni, kí n tó rántí pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òtítọ́ pọ́nńbélé. Ọrùn kọ́ ni ìbílẹ̀ gílándì yìí. Nígbà tí ọlẹ̀ ṣì wà ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹrin nínú ìyá, ìdí ahọ́n ni gílándì ti bẹ̀rẹ̀. Láti ibẹ̀ ló ti ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀: ó kọjá níwájú egungun hyoid, ó kọjá níwájú ibi tí gògóńgò ń gbé, ó sì wá fìdí kalẹ̀ sórí ọ̀nà èémí. Kólobo kékeré tó kù sẹ́yìn lórí ahọ́n wa títí dòní ni ojú ibi tó ti kúrò. Nígbà mìíràn, ọ̀nà tó gbà kì í pa dé tán, omi á wá gbá jọ síbẹ̀, á di kókó láàárín ọrùn ọmọdé. Àjèjì ni lóòótọ́, ó kọjá lẹ́nu ilé onílé kó tó rí ibi jókòó sí.

Wharton mọ ìrísí gílándì náà, ó mọ ibi tó wà, kò mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó gbìyànjú o. Ó kọ ọ́ pé ó ń mú egungun gògóńgò lọ́ràá kó má baà gbẹ. Ó tún ní ó ń dí àwọn ibi tó jìn kòtò lẹ́gbẹ̀ẹ́ gògóńgò, kí ọrùn lè rí roboto kó sì dùn-ún wò, àti pé ìdí nìyẹn tí ti obìnrin fi tóbi jù. Mi ò lè ka ibẹ̀ kí n má rẹ́rìn-ín: gílándì tó ń darí bí gbogbo ara ṣe ń jó epo rẹ̀, wọ́n kà á sí ọ̀ṣọ́ ọrùn. Ṣùgbọ́n kí a má fi Wharton ṣẹ̀fẹ̀ jù. Gílándì yìí kò ní ẹnu, kò ní ihò kankan tó ń gba oje rẹ̀ jáde bí ti itọ́. Inú ẹ̀jẹ̀ ló ń tú u sí tààrà. Ẹni tó bá là á, tó ń wá ọ̀nà àbájáde, kò lè rí nǹkan kan. Kò sì sí ẹni tó mọ̀ nígbà ayé rẹ̀ pé ẹ̀yà ara kan lè fi ẹ̀jẹ̀ ránṣẹ́ sí òmíràn. Orúkọ rẹ̀ náà kò sì parun. Ọ̀nà tó ń gbé itọ́ láti abẹ́ àgbọ̀n wá sábẹ́ ahọ́n ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí di òní, bẹ́ẹ̀ náà ni nǹkan yíyọ̀ bí ògì dídì tó wà nínú okùn ìwọ́ ọmọ.

Ọ̀rọ̀ kékeré kan wà nínú ohun tí Wharton kọ tó jẹ́ pé òun gan-an ló kó yín sí wàhálà. Bí ó bá tẹ̀ lé Gíríìkì dáadáa, thyreoidea ló yẹ kó kọ, pẹ̀lú e láàárín. Thyroidea ló kọ. E kan péré ló jábọ́, ṣùgbọ́n e yẹn ló ń fi asà hàn yàtọ̀ sí ilẹ̀kùn. Bẹ́ ẹ bá yọ ọ́ kúrò, ohun tó kù á wá dà bí ìgbà tí wọ́n so thyra mọ́ -eides, "bí-ilẹ̀kùn". Ẹni tó bá wá fi ojú lásán tú orúkọ náà lónìí, ilẹ̀kùn ló máa bá. Àwọn onímọ̀ ẹ̀yà ara pàápàá rí àṣìṣe yìí: nígbà tí wọ́n fẹnu kò ní ìlú Basel, ní Switzerland, lọ́dún 1895 lórí orúkọ tí gbogbo wọn á máa lò, wọ́n dá e náà padà sípò, wọ́n kọ glandula thyreoidea. Àwọn dókítà Jámánì ṣì ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Hyperthyreose ni wọ́n ń pe àìsàn tó máa ń wá bí gílándì náà bá ń ṣiṣẹ́ jù. Gẹ̀ẹ́sì kò tẹ̀ lé wọn. Èdè tó ti mọ́ ènìyàn lára kì í fetí sí ìpàdé.

Bẹ́ ẹ bá ṣì ń ṣiyèméjì láàárín asà àti ilẹ̀kùn, ẹ wo bí àwọn ẹlòmíràn ṣe tú u sí èdè wọn. Schilddrüse ni àwọn Jámánì ń pè é lójoojúmọ́. Schild ni asà, Drüse ni gílándì. Àwọn Dutch ní schildklier, ohun kan náà. Nínú èdè Rọ́ṣíà, gílándì bí-asà ni wọ́n ń pè é. Ní ti Pólándì, tarczyca, látinú tarcza, asà. Daraqa ni irú asà kan lédè Lárúbáwá, wọ́n sì pe gílándì yìí ní ti daraqa. Àwọn ará Ṣáínà kọ ọ́ pé jiǎzhuàngxiàn, gílándì tó rí bí ìhámọ́ra. Nínú gbogbo àwọn tí mo kà yìí, kò sí ẹyọ kan tó tú u sí ilẹ̀kùn. Gbogbo wọn sì jọ ṣe àṣìṣe kan ṣoṣo: wọ́n sọ pé gílándì ló rí bí asà, nígbà tó jẹ́ pé aládùúgbò rẹ̀ ni. Labalábá ni gílándì jọ.

Ẹnì kan ti bi mí rí pé kí ló dé tí a ò fi pè é ní "gílándì gẹ̀gẹ̀" ní Yorùbá. Mi ò fara mọ́ ọn. Yóò dà bí ẹni pe ojú ní "ilé àpọ́lò". Bí a bá fẹ́ túmọ̀ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àwọn Jámánì ti ṣe, "gílándì alásà" lè ṣiṣẹ́, ó tilẹ̀ dára ju tiwọn lọ díẹ̀, torí pé alásà lè jẹ́ ẹni tó ń bá asà gbé láìjẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ rí bí asà. Ṣùgbọ́n táírọ́ìdì ti wọ ẹnu, ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ rẹ̀ wá ńkọ́? Ó lé ní igba ọdún lẹ́yìn Wharton kó tó yéni. Dókítà oníṣẹ́-abẹ kan wà ní Bern, ní Switzerland, Theodor Kocher. Gẹ̀gẹ̀ pọ̀ ní òkè ilẹ̀ náà, ọwọ́ Kocher sì mọ́ débi pé ó lè yọ gbogbo gílándì náà kúrò láìpa ènìyàn. Lọ́dún 1883 ló sọ ohun tó rí nígbà tó ké sí àwọn tó ti ṣiṣẹ́ abẹ fún pé kí wọ́n padà wá. Àwọn tó yọ apá kan fún ń bá ayé wọn lọ. Àwọn tó yọ gbogbo rẹ̀ fún ti di ẹlòmíràn: ojú wọn wú, òtútù ń mú wọn, ọ̀rọ̀ wọn falẹ̀, èrò wọn falẹ̀, àwọn ọmọdé inú wọn kò ga mọ́. Ara wọn ló fi han ayé pé ohun tí wọ́n pè ní ọ̀ṣọ́ ọrùn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Kocher jáwọ́ nínú yíyọ gbogbo rẹ̀ fún ẹni tí kò ní jẹjẹrẹ, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1909. Ṣáájú ìgbà yẹn, lọ́dún 1891, George Murray ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti mú oje gílándì àgùntàn, ó fi abẹ́rẹ́ gún un fún obìnrin kan tí tirẹ̀ ti kú, ara obìnrin náà sì yá.

Ohun tó wà nínú oje náà ni omi ìsúnniṣe, họ́mónù, tó ń sọ fún ara bó ṣe máa yára tó: bí ọkàn ṣe máa lù, bí ara ṣe máa gbóná, bí oúnjẹ ṣe máa di agbára. Èròjà kan tí wọ́n ń pè ní áyódíìnì ni ara fi ń ṣe é. Eugen Baumann, ará Jámánì, ló bá áyódíìnì nínú gílándì náà lọ́dún 1895, ó sì yà á lẹ́nu. Ìbá má yà á lẹ́nu púpọ̀, torí lọ́dún 1820 ni dókítà Coindet ní Geneva ti ń fi áyódíìnì wo gẹ̀gẹ̀, látàrí pé ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń sun kànrìnkàn inú òkun fún onígẹ̀gẹ̀.

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ fún yín ní ẹ̀bùn kékeré kan, torí pé ọ̀rọ̀ lẹ bi mí, ẹ kò bi mí ní oògùn. Lọ́dún 1811, Bernard Courtois ní ilẹ̀ Faransé da ásíìdì sórí eérú ewéko inú òkun, èéfín aláwọ̀ àlùkò kan sì rú jáde. Orúkọ tí wọ́n fún nǹkan tuntun náà wá látinú ioeides ti Gíríìkì: ion ni òdòdó kan tó ní àwọ̀ náà, -eides ni "tó jọ". Ìrù ọ̀rọ̀ kan náà! Táírọ́ìdì, ohun tó jọ asà. Áyódíìnì, ohun tó jọ òdòdó. Gílándì àti oúnjẹ rẹ̀ ti jọ ń jẹ́ orúkọ bàbá kan náà kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé wọ́n jọ ń gbé.

Họ́mónù náà gan-an, thyroxine, Edward Kendall ló yà á sọ́tọ̀ ní Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá ọdún 1914. Ó rò pé èròjà tí wọ́n ń pè ní indole wà nínú rẹ̀, ó bá gé thyro, oxy àti indole kúrú, ó so wọ́n pọ̀. Nígbà tí Charles Harington máa fi hàn bí nǹkan náà ṣe rí lọ́dún 1926, kò sí indole kankan níbẹ̀. Orúkọ ti lọ káyé tán. Nítorí náà, nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n ń kọ sára páálí oògùn, ilẹ̀kùn wà níbẹ̀, asà wà níbẹ̀, egungun gògóńgò wà níbẹ̀, àṣìṣe sì wà ní ìrù rẹ̀.

Ẹ tún lè gbọ́ parathyroid lẹ́nu dókítà. Ẹ má rò pé ohun kan náà ni. Kókó kékeré bíi mẹ́rin ni wọ́n, lẹ́yìn táírọ́ìdì, kálísíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń bójú tó. Ivar Sandström, tó ṣì jẹ́ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní Uppsala, ní Sweden, ló kọ́kọ́ rí wọn lára ajá lọ́dún 1877, ó sì kọ̀wé nípa ti ènìyàn lọ́dún 1880. Para ni "lẹ́gbẹ̀ẹ́". Ẹ̀gbẹ́ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tó jọ asà tó jọ ilẹ̀kùn. Àtìpó náà ti gba àtìpó tirẹ̀ sílé.

Ní ti wíwú tí dókítà sọ fún yín, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni kẹ́ ẹ padà sí bó bá ní kẹ́ ẹ wá. Orúkọ ni mo lè tú, mi ò lè ti orí ìwé yẹ ọrùn yín wò. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé nígbà tó ń yẹ̀ yín wò, ó ṣeé ṣe kó ti ní kẹ́ ẹ gbé itọ́ mì. Ẹ tún un ṣe báyìí. Ẹ fi ìka kan sórí gògóńgò yín, kẹ́ ẹ wá àlàfo bíi V lókè rẹ̀. Asà nìyẹn. Ẹ sún ìka wálẹ̀ kọjá egungun tó dà bí òrùka, kẹ́ ẹ dúró sórí ọ̀nà èémí, kẹ́ ẹ sì gbé itọ́ mì. Gògóńgò máa gòkè, ohun tó wà lábẹ́ ìka yín náà á sì bá a gòkè, torí pé awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan so gílándì mọ́ gògóńgò. Kókó ọrùn mìíràn kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí dókítà ń wò nìyẹn, bóyá wíwú náà á tẹ̀ lé asà tí asà bá gbéra.